Èèkù: láti ara idà dé orí ẹ̀rọ léètì

èèkù (ọ̀rọ̀-orúkọ)

1. Apá ọ̀bẹ, idà tàbí àdá tí ọwọ́ ń dì mú.
2. (Iṣẹ́ irin) Irin tí ó di ọ̀bẹ mú ṣinṣin lórí ẹ̀rọ léètì, tí kò jẹ́ kí ó yẹ̀ nígbà tí ó bá ń gé irin.

Ẹ tún wo: ojú, ṣóńṣó, mú, pọ́n, ìtẹ́lẹ̀.

Ìtumọ̀ àkọ́kọ́

Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Òwe méjì ni ó gbé e dé etí ẹni tí kò tilẹ̀ di idà mú rí. Èkíní sọ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Èkejì sọ pé bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Nínú òwe àkọ́kọ́, èèkù dúró fún agbára: ẹni tí ó di ibẹ̀ mú ni ó ni idà, ẹni tí ojú idà kọ sí ni ó wà nínú ewu. Nínú òwe kejì, èèkù ni ohun tí ọ̀bẹ kò lè pèsè fún ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò gbẹ́ ẹ fún un. Òwe méjèèjì fi hàn pé mímú ọ̀bẹ nìkan kò tó. Ohun tí ó di ọ̀bẹ náà mú ni ó ń sọ mímú rẹ̀ di iṣẹ́.

Ní Ọ̀wọ̀, tí iṣẹ́ ọnà eyín erin rẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ilé ọnà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, idà ayẹyẹ kan wà tí a ń pè ní udàmalore. Àwọn olóyè ni wọ́n ń fi í kún aṣọ oyè wọn. Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà: *udà* ni ẹ̀ka èdè ibẹ̀ ń pe ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń pè ní *idà*. Ẹ̀ka èdè Ọ̀wọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n di fáwẹ̀lì *u* mú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo *i*. Udàmalore kì í ṣe idà ogun. Níbi tí a bá ti fẹ́ kí irin gé nǹkan ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ èèkù gba ìtumọ̀ tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun sì ni ìtumọ̀ kejì tí àlàyé yìí dá lé lórí.

Ìtumọ̀ kejì: nígbà tí irin gba ipò ọwọ́

Ẹ̀rọ léètì ni ẹ̀rọ tí ó ń yí irin lójú kan, tí ọ̀bẹ sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti bó o. Lórí ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò, ohun tí ń gé ni ó ń yí. Lórí léètì, ohun tí a ń gé ni ó ń yí. Ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni *léètì*, bẹ́ẹ̀ náà ni *tọ́nà*, orúkọ ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, àti *ṣọ́ọ̀kì*, èyí tí í ṣe irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ń sún mọ́ra láti di irin tí a fẹ́ gé mú.

Ní ayé àtijọ́ ní Yúróòpù, ọwọ́ ni tọ́nà fi ń di ọ̀bẹ rẹ̀ mú. Èèkù igi gígùn ni ọ̀bẹ náà ní, a ó gbé e lé orí irin kan, a ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tí ń yí. Ó ṣeé fi ṣe ẹsẹ̀ àga, ṣùgbọ́n ọwọ́ a máa rẹ̀, irin a sì máa ti ọwọ́ padà. Ní nǹkan bí ọdún 1800, Henry Maudslay ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe léètì tí irin fúnra rẹ̀ di ọ̀bẹ mú, tí ìgbẹ́ bóòtì gígùn kan sì ń tì í lọ ní ìwọ̀n tí kò yí padà. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ ènìyàn ti kúrò lára ọ̀bẹ, tí ó di ọ̀gá tí ń darí lókèèrè. Irin gba ipò ọwọ́, ó sì gba orúkọ ọwọ́ náà pẹ̀lú: èèkù.

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, alágbẹ̀dẹ ni ó ń rọ odidi ọ̀bẹ léètì láti ara ọ̀pá irin kan ṣoṣo. Bí ojú rẹ̀ kò bá mú mọ́, a ó dá a padà sínú iná. Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Armstrong Bros. ní Chicago ti ń ta èèkù tí ó ní ihò lórí, tí a lè ki irin kékeré tí ó mú bọ̀, kí a sì fi bóòtì kan fún un. Ní ọdún 1900, níbi àpéwò ńlá ti Paris, àwọn ará Amẹ́ríkà fi irin tuntun hàn, èyí tí Frederick Taylor àti Maunsel White ṣiṣẹ́ lé lórí: bí ó tilẹ̀ gbóná débi pé orí rẹ̀ pọ́n, ó ṣì ń gé irin mìíràn. Ó le, ó sì wọ́n. Nítorí náà ni ó fi bọ́gbọ́n mu kí ọ̀bẹ kéré, kí èèkù tóbi. Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ Krupp ní Jámánì gbé irin kan tí ó tún le ju èyí lọ jáde, ó sọ ọ́ ní Widia, orúkọ tí wọ́n fà yọ láti inú gbólóhùn Jámánì tí ó túmọ̀ sí «bíi dáyámọ́ǹdì». Ó le, ṣùgbọ́n ó tètè ń fọ́ bí awo. Èèrún kékeré rẹ̀ ni a ń jó mọ́ orí èèkù irin, tàbí kí a fi bóòtì kékeré dè é.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé bí ọ̀bẹ ti ń le sí i ni èèkù ń ṣe pàtàkì sí i. Irin tí ó le kò fara da gbígbọ̀n.

Ìdí tí ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ fi ṣe pàtàkì ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Benin gba Ọ̀wọ̀ àti Ifọ̀n kọjá. Ifọ̀n ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Agbègbè kòkó, gẹdú àti gbáàgúdá ni, níbi tí ìgbé ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti so mọ́ ẹ̀rọ tí ń yí: ẹ̀rọ tí ń la gẹdú, ẹ̀rọ tí ń fa omi, àti jù lọ, ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gbáàgúdá. Àárín ẹ̀rọ ìlọ-gbáàgúdá ni ṣáfútù wà, ọ̀pá irin tí ń yí nínú béárìn. Bí iyẹ̀pẹ̀ àti omi gbáàgúdá bá wọ ibẹ̀, ibi tí béárìn jókòó sí yóò jẹ. Wẹ́dà yóò jó irin tuntun lé e, tọ́nà yóò sì bó irin náà padà títí yóò fi bá ihò béárìn mu. Béárìn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6205, fún àpẹẹrẹ, ní ihò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25. Bí tọ́nà bá bó ṣáfútù náà kọjá ìwọ̀n yẹn pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan péré, béárìn kò ní jókòó mọ́. Yóò máa yí lórí ṣáfútù, yóò sì tún jẹ ẹ́.

Gbáàgúdá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí a bá ti wú u, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Obìnrin tí ó ti kó gbáàgúdá rẹ̀ jọ sí ẹnu ẹ̀rọ nígbà tí ṣáfútù wà lọ́wọ́ tọ́nà ní ohun tí yóò pàdánù bí iṣẹ́ náà bá di ẹ̀ẹ̀mejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ gbígbé kalẹ̀ ọ̀bẹ lórí léètì ti kan ẹni tí kò rí léètì rí nìyí.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sábà máa ń ru gbogbo ẹrù náà: *túùlù*. Ọ̀bẹ kékeré tí ń gé, túùlù ni. Èèkù tí ó gbé e dání, túùlù ni. Òpó tí èèkù náà dúró sí, *túùlù póòsì* ni, ẹlòmíràn á sì gé e kúrú sí túùlù. Ọ̀gá tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ogún ọdún kò ní ìṣòro, nítorí ojú rẹ̀ ń wo ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Ọmọ-iṣẹ́ ni ó ń ru ìyà rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní «Túùlù yẹn ti lọ sókè jù», kí ni ọmọ-iṣẹ́ yóò rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀bẹ, èèkù, tàbí òpó? Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga bíi Rufus Giwa Polytechnic ní Ọ̀wọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979, akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá orúkọ apá kọ̀ọ̀kan pàdé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà yẹ kí ó ní ìyàtọ̀ kan náà ní èdè tí ó fi ń ronú. Yorùbá sì ti ní i tipẹ́.

Àbá ìlò nìyí. Kí a máa pe irin kékeré tí ń gé ní ọ̀bẹ; irin tí ó gbé e dání ní èèkù; ibi tí èèkù dúró sí ní òpó. Ibi tí ọ̀bẹ ti ń gé ni ojú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé *idà olójú méjì*. Ibi tí ojú méjì ti pàdé, tí ó kọ́kọ́ kan irin, ni ṣóńṣó. A lè lo túùlù fún gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kò sí ẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ojú ọ̀bẹ àti ọ̀rọ̀-ìṣe *pọ́n*

A ń *lọ* ata, a ń *pọ́n* ọ̀bẹ. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ní í ṣe pẹ̀lú òkúta, ṣùgbọ́n lílọ̀ ń sọ nǹkan di kíkúnná, pípọ́n ń fún nǹkan ní ojú. Nítorí náà, lórí òkúta gíráńdà, pípọ́n ni a ń pọ́n ọ̀bẹ léètì.

Ọ̀bẹ fún léètì kékeré sábà máa ń jẹ́ ọ̀pá onígun mẹ́rin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, 8, 10 tàbí 12. Nǹkan méjì ni pípọ́n ń fún un. Èkíní ni àlàfo: abẹ́ ojú náà gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn díẹ̀, nǹkan bíi digíríì 7 sí 10, kí ó má baà jẹ́ pé abẹ́ ni yóò máa fi ara ra irin dípò kí ojú máa gé e. Èkejì ni ìdagẹ̀rẹ̀: òkè ọ̀bẹ dà sẹ́yìn, kí èérún irin lè rí ọ̀nà lọ. Fún irin lásán, ìdagẹ̀rẹ̀ tó digíríì 10 sí 15 dára. Fún idẹ, kí òkè tẹ́jú pẹrẹsẹ, nítorí pé idẹ a máa fa ọ̀bẹ onídagẹ̀rẹ̀ wọ inú ara rẹ̀. Ṣóńṣó náà kò gbọdọ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Kí a rọra yí i ká díẹ̀ lórí òkúta tí ó kúnná, kí ó má baà tètè ṣẹ́, kí ara irin sì lè dán.

Ọ̀bẹ irin líle ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni a lè máa tẹ̀ bọ omi bí ó bá ń gbóná lórí òkúta. Ọ̀bẹ irú ti Widia kò gbọdọ̀ bọ́ sínú omi nígbà tí ó gbóná, nítorí yóò sán.

Gíga: ìdí tí èèkù fi lè ba ojú jẹ́

Bí ọ̀bẹ ti wù kí a pọ́n ọn dára tó, ó di dandan kí ṣóńṣó rẹ̀ wà ní déédéé àárín gbùngbùn irin tí ń yí. Èèkù ni ó ń pinnu èyí, kì í ṣe òkúta gíráńdà. Bí ṣóńṣó bá ga ju àárín lọ, ṣe ni ó dà bíi pé a ti dín àlàfo kù: abẹ́ ọ̀bẹ yóò máa ra irin, yóò gbóná, ojú kò sì ní rí nǹkan gé. Bí ó bá rẹ̀lẹ̀ ju àárín lọ, ìdagẹ̀rẹ̀ ni ó dín kù, irin yóò sì fẹ́ gun orí ọ̀bẹ, pàápàá nígbà tí a bá ń gé irin kúrò.

Ìwọ̀n àṣìṣe yìí kò dọ́gba lára gbogbo irin, ìdí nìyí tí ó fi kan léètì kékeré jù. Ká sọ pé ṣóńṣó ga ju àárín lọ pẹ̀lú ìdajì mìlímítà kan. Lára irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, igun ọ̀bẹ yí padà pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì digíríì kan péré. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Lára ṣáfútù mìlímítà 25, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó digíríì méjì àti ààbọ̀. Lára irin mìlímítà 10, ó sún mọ́ digíríì 6. Ọ̀bẹ tí a pọ́n ní àlàfo digíríì 7 kò ní ju nǹkan bíi digíríì kan àti díẹ̀ lọ mọ́. Ọ̀bẹ kan náà ni, èèkù kan náà ni, ìdajì mìlímítà kan náà ni. Irin ni ó tín-ínrín. Tọ́nà tí ó bá rò pé ọ̀bẹ òun kò mú, tí ó sì ń padà sídìí gíráńdà lẹ́ẹ̀mẹta, ń jẹ ọ̀bẹ run lásán ni.

Bí ọ̀bẹ bá ń ṣiṣẹ́ nínú ihò, ọ̀rọ̀ yí padà: níbẹ̀, rírẹlẹ̀ ni ó ń mú kí abẹ́ ọ̀bẹ ra irin.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń mọ gíga. Gbogbo wọn ni a ń ṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró, àyàfi ẹ̀kẹta.

Èkíní: fi irin ṣóńṣó tí ó wà ní ìdí léètì lódìkejì ṣọ́ọ̀kì ṣe òdiwọ̀n. Ṣóńṣó rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn nígbà gbogbo. Sún ọ̀bẹ mọ́ ọn. Kí ṣóńṣó kojú ṣóńṣó.

Èkejì: mú rúlà irin pẹlẹbẹ kékeré kan, kí o sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara irin roboto tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀kì. Bí rúlà náà bá dúró ṣánṣán, ọ̀bẹ wà ní déédéé. Bí orí rúlà bá tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ṣiṣẹ́, ọ̀bẹ rẹlẹ̀ jù. Bí orí rẹ̀ bá tẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀bẹ ga jù. Ọ̀nà yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ìṣẹ́jú kan kò sì pé lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: gé ojú irin láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín. Bí ọ̀bẹ bá rẹlẹ̀, yóò fi ìdodo kékeré kan sílẹ̀ ní àárín, ìbú ìdodo náà yóò sì jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe. Bí ìdodo bá jẹ́ mìlímítà kan, ìdajì mìlímítà ni kí a fi gbé ọ̀bẹ sókè.

Ìtẹ́lẹ̀

ìtẹ́lẹ̀ (ọ̀rọ̀-orúkọ): ohun tí a tẹ́ sábẹ́ nǹkan. Nínú iṣẹ́ irin: irin pẹlẹbẹ tí a tẹ́ sábẹ́ ọ̀bẹ tàbí èèkù láti gbé e sókè dé àárín.

Lórí òpó onígun mẹ́rin tí ó wọ́pọ̀ lára léètì kékeré, kò sí ohun mìíràn tí ń gbé ọ̀bẹ sókè ju ìtẹ́lẹ̀ lọ. Ayùn irin tí ó ti ṣiṣẹ́ tán dára fún un, nítorí pé nínípọn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba káàkiri, ó sì tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá mìlímítà. Kí a kọ́kọ́ pọ́n eyín rẹ̀ kúrò. Kí ìtẹ́lẹ̀ gùn dé ibi tí ọ̀bẹ ti yọ síta lẹ́nu òpó. Bí ó bá kúrú, ọ̀bẹ yóò dà bí ẹni tí ó jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé. Ìtẹ́lẹ̀ kan tí ó nípọn sàn ju mẹ́rin tí ó fẹ́lẹ́ lọ. Páálí kò yẹ rárá: bí a bá ti fún bóòtì, yóò tẹ̀, gíga yóò sì yí padà.

Bóòtì méjì, ó kéré tán, ni kí ó di ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan mú. Lẹ́yìn tí a bá ti fún wọn tán, kí a tún gíga wò, nítorí fífún nìkan lè tẹ ṣóńṣó sílẹ̀ díẹ̀.

Òpó ìgbàlódé kan wà tí èèkù kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ ní bóòtì kékeré tí ń gbé e sókè sódò. A ó ṣètò gíga ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yọ èèkù náà, tí a sì dá a padà lọ́la, gíga rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní i lè rí nǹkan tí ó jọ ọ́: kí a so ìtẹ́lẹ̀ ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà, kí a má sì pàrọ̀ wọn.

Yíyọ síta

Ìwọ̀n tí ọ̀bẹ fi yọ síta kúrò lẹ́nu èèkù ni ó kù. Bí ó bá yọ síta ní ìlọ́po méjì, kì í ṣe ìlọ́po méjì ni yóò fi máa tẹ̀, bí kò ṣe ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ó bá yọ síta ní ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ọ̀bẹ mìlímítà 10 kò yẹ kí ó yọ síta ju mìlímítà 10 sí 15 lọ. Bí ó bá gùn jù, yóò máa gbọ̀n, ẹ̀rọ yóò máa ké, ara irin yóò sì rí ṣákiṣàki. Èyí burú jù lára ṣáfútù tí wẹ́dà ti jó irin lé, nítorí pé ara rẹ̀ kò tẹ́jú: ọ̀bẹ yóò máa kan òkè, yóò sì máa já sí àlàfo, nígbà kọ̀ọ̀kan tí irin bá yí. Níbẹ̀, kí ọ̀bẹ kúrú, kí èèkù sún mọ́ iṣẹ́, kí gígé àkọ́kọ́ sì jìn tó láti wọ abẹ́ èèpo líle náà. Gígé fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń ra orí èèpo nìkan ni ó ń pa ojú ọ̀bẹ.

Fún ṣáfútù mìlímítà 25 tí a fi irin lásán ṣe, pẹ̀lú ọ̀bẹ irin líle, kí irin máa yí ní nǹkan bí ìgbà 380 ní ìṣẹ́jú kan. Bí wẹ́dà bá ti jó irin lé e, kí ó dín sí ìyẹn.

Àkíyèsí lórí ọ̀rọ̀ *mú*

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni a ń kọ ní *mú*, tí a sì ń pè pẹ̀lú ohùn kan náà. Ọ̀kan ni *mú*, láti gbà tàbí láti dì nǹkan: «Mú sípánà wá.» Èkejì ni *mú*, láti ní ojú tí ń gé: «Ọ̀bẹ yìí mú.» Kò sí ẹ̀rí pé orísun kan náà ni wọ́n ti wá, kò sì yẹ kí a so wọ́n pọ̀ nítorí pé wọ́n dún bákan náà. Ṣùgbọ́n lórí léètì, iṣẹ́ wọn pàdé: ọ̀bẹ tí ó mú, tí a kò dì mú dáadáa, kò yàtọ̀ sí èyí tí kò mú. Láti yẹra fún ìdàrúdàpọ̀, kí a máa lo *dì mú* nígbà tí a bá ń sọ ti èèkù.

Àpẹẹrẹ:

«Ọ̀bẹ náà mú, ṣùgbọ́n èèkù kò dì í mú.»

«Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo gíga ọ̀bẹ yìí kí n tó tan ẹ̀rọ.»

«Tẹ́ irin kan sí i lábẹ́, kí o sì dá a padà wọ inú èèkù díẹ̀, ó ti yọ síta jù.»

Àkíyèsí lórí ààbò

Ẹni tí ó bá ṣètò ọ̀bẹ tán, kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí ṣọ́ọ̀kì ká lẹ́ẹ̀kan kí ó tó tan iná, kí ó lè rí i pé èèkù kò ní kọlu ṣọ́ọ̀kì. Kí ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀kì kúrò lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ti lò ó tán. Bí a bá tan ẹ̀rọ nígbà tí ó ṣì wà níbẹ̀, yóò fò jáde bí òkò. Ìbọ̀wọ́ àti apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kò yẹ nídìí léètì, nítorí ohun tí ń yí a máa fa aṣọ, aṣọ a sì máa fa ọwọ́. Dígí ojú ni kò gbọdọ̀ wọ́n. Èérún irin tí ọ̀bẹ tí ó wà ní déédéé ń bó a máa ká jáde jẹ́jẹ́ síhà kan. Èyí tí ọ̀bẹ tí ń gbọ̀n ń fọ́ a máa ta káàkiri, ojú ọmọ-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀gá rẹ̀ láti wo iṣẹ́ ni ó sì sún mọ́ ọn jù.

Ọ̀rọ̀ tí ó jọ mọ́ ọn: *ẹ̀mú*, ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ń di irin gbígbóná mú. Ẹ̀mú ń di ohun tí a ń ṣe mú. Èèkù ń di ohun tí a fi ń ṣe é mú. Lórí léètì, ṣọ́ọ̀kì ni ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀mú. Kí a má fi ọ̀kan pe èkejì.